Bí ẹ ṣe lè fojú ara yín rí sẹ́ẹ̀lì, kí ẹ sì fi mọ ìjọba tí ohun abẹ̀mí kọ̀ọ̀kan wà

Tí ìdánwò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ìbéèrè méjì ni wọ́n máa ń gbé wá bá mi ní Abẹ́òkúta níbí. Akẹ́kọ̀ọ́ á ní, "Tíṣà, gbogbo ìgbà tí mo bá wo inú máíkírósíkóòpù, òkùnkùn tàbí nǹkan róbótó kan ni mò ń rí. Ibo ni sẹ́ẹ̀lì ọ̀hún wà gan-an?" Òbí á ní, "Tíṣà, ọmọ mi ń ka ìjọba márààrún tí wọ́n pín ohun abẹ̀mí sí bí ẹni ń ki oríkì, ṣùgbọ́n mo gbé olú síwájú rẹ̀, ewébẹ̀ ló pè é." Mo ti dá wọn lóhùn títí ọ̀fun mi fi gbẹ, ló jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

Lójú tèmi, ìbéèrè kan náà ni méjèèjì. Ẹni tó bá ti rí sẹ́ẹ̀lì dáadáa, ìyẹn yàrá kéékèèké tí ara ohun abẹ̀mí fi jọ, tó mọ ohun tó ní àti ohun tí kò ní, kọ́kọ́rọ́ ìpínsọ́wọ̀ọ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà, ẹ má fo àlùbọ́sà kọjá lọ bá orúkọ gígùn-gígùn.

## Ohun tí ẹ máa kó jọ

- Àlùbọ́sà pupa kan tó le dáadáa. Èyí tó ti rọ̀ tàbí tó ti ń jẹrà kò ní bó.
- Bíléèdì tuntun kan àti abẹ́rẹ́ ìránṣọ kan.
- Sláìdì méjì (gíláàsì pẹlẹbẹ tí a ń gbé nǹkan lé) àti kọ́fásílíìpù díẹ̀ (gíláàsì fẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń bò ó). Bí kò bá sí kọ́fásílíìpù, ẹ gé ike pẹlẹbẹ tó mọ́ gaara, irú èyí tí wọ́n fi ń di ṣẹ́ẹ̀tì tuntun. Kò dára tó gíláàsì, ṣùgbọ́n ó gbà fún lẹ́ńsì kékeré.
- Áyódínì tí wọ́n ń fi sójú egbò, àti GV aláwọ̀ àlùkò. Kẹ́mísì àdúgbò ń ta méjèèjì.
- Síríńjì tí kò lábẹ́rẹ́, fún kíkán omi.
- Tíṣù, òwú tí wọ́n dì mọ́ igi tí a fi ń nu etí, pẹ́ńsùlù, rúlà, ìrésà.

Ní ti máíkírósíkóòpù fúnra rẹ̀, bí ti ilé ìwé yín bá ti bàjẹ́, ẹ bẹ ilé ìwé mìíràn kí wọ́n gbà yín láàyè fún wákàtí kan lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde. Òbí mẹ́ta sí mẹ́rin sì lè dáwó jọ ra Foldscope, èyí tí wọ́n fi páálí ṣe. Ìlọ́po 140 ló ń sọ nǹkan di ńlá, ó sì tó fún àlùbọ́sà. Lẹ́ńsì pẹ́ńpẹ́ tí wọ́n ń há mọ́ kámẹ́rà fóònù ńkọ́? Ẹ lè rí àwọn ìlà tó tò bíi búlọ́ọ̀kù ara ògiri, ṣùgbọ́n ẹ má retí núkílíọ̀sì, kókó inú sẹ́ẹ̀lì, níbẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì àlùbọ́sà sábà máa ń gùn tó 0.25 mm, òmìrán ni láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìdí tí gbogbo tíṣà fi ń ti orí àlùbọ́sà bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe pé a ò mọ nǹkan mìíràn.

## Iṣẹ́ kìíní: sẹ́ẹ̀lì àlùbọ́sà

1. Ẹ la àlùbọ́sà sí mẹ́rin. Ẹ yọ ìpele kan tó nípọn láti àárín.
2. Ẹ wo inú ìpele náà, níbi tó ti tẹ̀ wọnú bí àwo. Ẹ ṣẹ́ ẹ díẹ̀ láti ẹ̀yìn, ẹ ó rí awọ fẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń dán bíi láílọ́ọ̀nù. Ẹ fi èékánná tàbí abẹ́rẹ́ bó o wẹ́rẹ́.
3. Ẹ kán omi ẹyọ kan sórí sláìdì kí ẹ TÓ gbé awọ náà lé e. Ẹni tó bá gbé awọ lé gíláàsì gbígbẹ, kíká ni yóò ká.
4. Ẹ fi bíléèdì gé e kó kù bí ìdajì èékánná ọmọ ìka kékeré, ẹ fi abẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ kó lọ geere.
5. Ẹ da áyódínì díẹ̀ mọ́ omi kó dà bíi tíì tí kò ní mílíìkì, ẹ kán ẹyọ kan sí i. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú kan sí méjì.
6. Ẹ gbé etí kan kọ́fásílíìpù lé sláìdì, ẹ fi abẹ́rẹ́ gbé etí kejì dúró, kí ẹ wá máa sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì ju gbogbo ìyókù lọ.
7. Ẹ fi tíṣù fa omi tó yọ sí etí. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ láti òkè.

## Bí ẹ ṣe máa wò ó

Ìkìlọ̀ kọ́kọ́ ná. Bó bá jẹ́ onídígí ni máíkírósíkóòpù yín, ẹ má ṣe kọ dígí náà sí oòrùn gangan láé. Oòrùn tó gba inú lẹ́ńsì wọ ojú lè fọ́ ojú náà. Apá ojú ọ̀run tí oòrùn kò sí, tàbí iná, ni kí ẹ kọ ọ́ sí.

1. Lẹ́ńsì ìsàlẹ̀ tó kéré jù ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n kọ 4 sí lára. Bí ti òkè bá jẹ́ 10, ìlọ́po 40 lẹ ń wò nìyẹn.
2. Ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti òkè, kí ẹ yí kókó ńlá ara máíkírósíkóòpù títí lẹ́ńsì àti sláìdì yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn.
3. Ẹ wá wò ó láti òkè, kí ẹ máa yí i padà kí wọ́n máa jìnnà síra. Yóò dédé yọ sí yín.
4. Ẹ fà á sí àárín kí ẹ tó yí lẹ́ńsì sí 10. Ìlọ́po 100 nìyẹn.
5. Bí ẹ bá fẹ́ lọ sí lẹ́ńsì 40, ẹ má fọwọ́ kan kókó ńlá mọ́. Kékeré nìkan. Ẹni tó bá yí ńlá níbẹ̀ yóò gbọ́ "kẹ̀", gíláàsì ló fọ́ yẹn, ó sì lè fi ojú lẹ́ńsì họ.

Ẹ ó rí àwọn yàrá gígùn tó to ara wọn bíi búlọ́ọ̀kù. Ìlà tó yí yàrá kọ̀ọ̀kan ká ni ògiri sẹ́ẹ̀lì. Kókó róbótó tó gba àwọ̀ áyódínì, tó sábà máa ń fara ti ẹ̀gbẹ́ kan, ni núkílíọ̀sì. Omi ráúráú tó wà lẹ́bàá ògiri ni cytoplasm. Àárín gbàgede tó dà bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀ ni vacuole, omi ló kún inú rẹ̀. Awọ sẹ́ẹ̀lì wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n ó ti lẹ̀ mọ́ ògiri, ẹ kò ní lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Kí vacuole lè yé yín, ẹ tún bó awọ pupa láti ẹ̀yìn ìpele àlùbọ́sà kan náà. Ẹ má fi áyódínì sí i, omi lásán ni. Àwọ̀ pupa tí ẹ rí, inú vacuole ló wà. Ẹ fi tíṣù fa omi náà kúrò, kí ẹ kán omi iyọ̀ tó nípọn sí etí kọ́fásílíìpù. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, apá pupa náà á súnkì kúrò lára ògiri: iyọ̀ ti fa omi jáde. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ ó rí i pé awọ sẹ́ẹ̀lì yàtọ̀ sí ògiri.

### Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀

- Róbótó tí etí rẹ̀ dúdú kirikiri: afẹ́fẹ́ ló há sábẹ́ kọ́fásílíìpù. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó yà á tó kún ojú ìwé kan, tó sì kọ "núkílíọ̀sì" sí i lára. Ẹ gbé e kúrò, kí ẹ tún un sọ kalẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀.
- Gbogbo rẹ̀ ṣókùnkùn: áyódínì ti pọ̀ jù, tàbí awọ náà ti ṣẹ́ po. Ẹ fi omi ṣàn án.
- Funfun gbòò, kò sí ìlà: iná ti pọ̀ jù. Ẹ dín in kù. Iná díẹ̀ ló ń jẹ́ kí ìlà hàn.
- Nǹkan tó ń rìn bí ẹ bá mi ojú: irun ìpéǹpéjú yín ni.

## Iṣẹ́ kejì: sẹ́ẹ̀lì ẹ̀rẹ̀kẹ́

1. Ẹ fi omi yọ ẹnu.
2. Ẹ fi òwú orí igi nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ jẹ́jẹ́, ẹ má họ ọ́ dé ẹ̀jẹ̀.
3. Ẹ fi pa àárín sláìdì, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ díẹ̀.
4. Ẹ po GV ẹ̀kán kan mọ́ omi púpọ̀, ẹ kán ẹyọ kan sí i. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ẹ bò ó bíi ti àkọ́kọ́.

Igi kan, ẹnu kan. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ méjì lo ọ̀kan náà, kí ẹ sì rẹ igi àti sláìdì sínú omi bílíìṣì lẹ́yìn iṣẹ́. GV kì í kúrò lára aṣọ, ẹ bọ́ yunifọ́ọ̀mù sílẹ̀.

Sẹ́ẹ̀lì yìí kéré gan-an sí ti àlùbọ́sà, bíi 0.06 mm. Kò tò bíi búlọ́ọ̀kù, ṣe ló fọ́nká bí ewé tó já sílẹ̀, etí rẹ̀ kò sì gún régé. Kókó kan wà ní àárín rẹ̀. Kò ní ògiri, kò ní vacuole ńlá. Ẹ fi sọ́kàn, a ó padà sí i.

### Ẹ̀rín díẹ̀ pẹ̀lú láfún

A ò lè wà nílẹ̀ Ẹ̀gbá ká má fọwọ́ kan láfún. Ẹ bu ìyẹ̀fun rẹ̀ díẹ̀ sínú omi, ẹ kán áyódínì sí i. Àlùbọ́sà kàn gba àwọ̀ ìyeyè ni, láfún yóò di dúdú aláwọ̀ aró. Sítáàṣì ló fà á, àlùbọ́sà kì í kó o pamọ́, ẹ̀gẹ́ ni tirẹ̀. Àwọn aládìrẹ Itòkú ti mọ iṣẹ́ sítáàṣì tipẹ́, òun ni wọ́n ń fi ya aṣọ kí aró má baà mu ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: àwọn hóró róbótó tí ẹ rí yẹn kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì. Oúnjẹ tí sẹ́ẹ̀lì kó pamọ́ ni wọ́n.

## Yíyà á sínú ìwé

Máàkì púpọ̀ ló ń ṣòfò níbí, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ẹni ni gbogbo rẹ̀ wà.

- Pẹ́ńsùlù tó mú, ìlà kan ṣoṣo tó mọ́. Ẹ má kùn ún, ẹ má fi pẹ́ńsùlù tó tò-tò sí i láti fi ṣe ẹwà.
- Sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó tóbi tó. Kì í ṣe ogún.
- Rúlà ni kí ẹ fi fa ìlà orúkọ, kí ìlà kan má gbabẹ́ ìkejì kọjá. Ìlà náà gbọ́dọ̀ kan ohun tó ń tọ́ka sí.
- Àkọlé, àti ìlọ́po. Fún ohun tí ẹ wò nínú máíkírósíkóòpù, ẹ kọ agbára lẹ́ńsì: 10 lọ́nà 40 jẹ́ ×400. Fún ohun tí a fojú lásán rí, ẹ fi gígùn nǹkan náà pín gígùn àwòrán. Orógbó tó gùn ní 4 cm tí ẹ yà ní 12 cm: ×3.

Ohun tí ẹ rí ni kí ẹ yà. Bí ẹ bá ya chloroplast (hóró aláwọ̀ ewé tí ewéko fi ń se oúnjẹ) sínú awọ àlùbọ́sà nítorí pé ó wà nínú àwòrán ìwé, ẹni tó ń máàkì mọ̀ pé ẹ kò wò ó.

## Láti sẹ́ẹ̀lì dé ìjọba

Ojú lásán ni àwọn baba wa fi ń wo àdán tí wọ́n fi ní kò ṣeku, kò ṣẹyẹ. Ọ̀rọ̀ náà dùn, ṣùgbọ́n kò gba máàkì. Ẹ má fi ibi tí nǹkan ń gbé tàbí bó ṣe rí pín in. Ẹ bi í ní ìbéèrè, ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé báyìí:

1. Ṣé ó ní sẹ́ẹ̀lì rárá? Bí kò bá ní, fáírọ́ọ̀sì ni. Kò sí nínú ìjọba kankan nínú márààrún. Ẹ dúró síbẹ̀.
2. Ṣé sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ní núkílíọ̀sì? Kò ní: Monera. Gbogbo bakitéríà wà níbẹ̀.
3. Ṣé sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni gbogbo ara rẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni: ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Protista, bíi Amoeba, Paramecium, àti Plasmodium tó ń fa ibà. Àyọsílẹ̀ kan wà tí wọ́n fẹ́ràn láti fi dán yín wò, ìyẹn ìwúkàrà (yeast). Sẹ́ẹ̀lì kan ni, ṣùgbọ́n Fungi ni.
4. Ṣé sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ní ògiri? Kò ní, ó ní sẹ́ẹ̀lì púpọ̀, ó sì ń jẹ oúnjẹ tí ẹlòmíràn ṣe: Animalia. Ẹ rántí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín.
5. Ó ní ògiri. Ṣé ó ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn se oúnjẹ ara rẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni: Plantae, cellulose ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́, ṣe ló ń fa oúnjẹ mu lára ohun tó ti kú tàbí lára ẹlòmíràn: Fungi, chitin ni ògiri tirẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ní ìpín mìíràn lóde òní, èyí tó pín gbogbo ohun abẹ̀mí sí Bacteria, Archaea àti Eukarya. Ẹ mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ìjọba márùn-ún ni kí ẹ fi dáhùn bí ìbéèrè bá dárúkọ ìjọba márùn-ún.

Ọmọ kan bi mí ní ìbéèrè tó mú mi rẹ́rìn-ín: "Tíṣà, àlùbọ́sà tí a wò kò ní àwọ̀ ewé, ṣé Fungi ni?" Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Apá tí a wò kì í rí oòrùn, kí ló fẹ́ fi chloroplast ṣe? Ẹ wo ewé rẹ̀, ibẹ̀ ló wà. Gbogbo ara ohun abẹ̀mí ni kí ẹ bi ní ìbéèrè karùn-ún, ẹ má bi sẹ́ẹ̀lì kan.

## Orúkọ méje, bí àdírẹ́sì

Kingdom, Phylum, Class, Order, Family, Genus, Species. Ẹ má kàn há a sórí lásán. Ẹ kà á bí ẹni ń júwe ilé: Nàìjíríà, Ìpínlẹ̀ Ògùn, Abẹ́òkúta, Ẹ̀gbá Aláké, Ìjẹmọ̀, agboolé, ẹni náà gan-an. Bí ẹ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni èrò ń dín kù, tí ìbátan sì ń sún mọ́ra.

Ènìyàn: Animalia, Chordata, Mammalia, Primates, Hominidae, Homo, Homo sapiens.

Orúkọ méjì ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń kọ fún ohun abẹ̀mí kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà ńlá ló ń bẹ̀rẹ̀ Genus, kékeré ló ń bẹ̀rẹ̀ èkejì, ẹ sì fa ìlà sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ẹ bá ń fọwọ́ kọ ọ́. Ẹ wo àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù. Obì gbànja ni Cola nitida. Obì àbàtà ni Cola acuminata. Agboolé kan náà ni wọ́n. Orógbó ńkọ́? Garcinia kola. Ọmọ tó bá rí "kola" níwájú rẹ̀ á sáré sọ pé ẹbí obì ni. Irọ́ ni. Orúkọ àkọ́kọ́ ló ń sọ agboolé, èkejì kò sọ ọ́. Bó ṣe jẹ́ pé Àìná wà ní agboolé yín, tí Àìná sì wà ní tàwa náà.

## Ẹ gbé e lọ sí ọjà

Ẹ mú ìwé àti pẹ́ńsùlù dání lọ sí Kútọ̀ tàbí ọjà tó bá sún mọ́ yín. Ẹ kọ nǹkan mẹ́wàá sílẹ̀, kí ẹ bi ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè márùn-ún yẹn. Àwọn tó máa ń da ọmọ láàmú rèé:

- Olú. Ó hù láti ilẹ̀, kò rìn, ṣùgbọ́n kì í se oúnjẹ ara rẹ̀. Fungi.
- Edé. Omi ló ti wá, síbẹ̀ kì í ṣe ẹja. Kò ní egungun ẹ̀yìn, èèpo ló fi ṣe egungun, ẹsẹ̀ rẹ̀ ní oríkèé. Arthropoda, bíi eéṣú àti aláǹtakùn.
- Aláǹtakùn. Arthropoda ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe kòkòrò. Ẹ ka ẹsẹ̀ rẹ̀, mẹ́jọ ni. Mẹ́fà ni ti kòkòrò.
- Ìgbín. Mollusca. Ara rọ̀, ìkarahun le.
- Àdán. Ó ní irun, ó ń fún ọmọ lọ́yàn. Mammalia, ìyẹ́ apá tàbí àìsí rẹ̀ kò kàn wá.
- Akíka. Ìpẹ́ ló bò ó bí ejò, ọyàn ló sì ń fún ọmọ rẹ̀. Mammalia.
- Ẹmu. Ohun mímu kì í ṣe ohun abẹ̀mí. Ṣùgbọ́n ẹ kán ẹ̀kán kan sórí sláìdì, kí ẹ wò ó ní ×400: ìwúkàrà ni àwọn hóró kéékèèké tí òmíràn ń rú ọmọ lára. Àwọn bakitéríà tó wà níbẹ̀ kéré ju ìyẹn lọ, ìwọ̀n 0.001 mm péré ni ìbú wọn.

Bí ẹ bá ti wá gun Olúmọ, tàbí tí àpáta kan wà lẹ́yìnkùlé yín, ẹ wo àwọn àbààwọ́n eérú tàbí aláwọ̀ ewé tó lẹ̀ mọ́ òkúta bí ọ̀dà tó ti ń ṣí. Lichen ni wọ́n ń pè é. Ẹ má fi ọ̀bẹ ha gbogbo rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló ń dàgbà. Ìbéèrè karùn-ún máa dojú rú yín lórí rẹ̀, nítorí ohun abẹ̀mí méjì ló ń gbé pọ̀ níbẹ̀: ẹbí olú kan tó kọ́ ilé, àti aláwọ̀ ewé kékeré kan tó ń fi oòrùn se oúnjẹ fún àwọn méjèèjì. Orúkọ onílé ni wọ́n fi ń pè é, nítorí náà ẹ kọ Fungi, kí ẹ sì fi ìlà kan ṣàlàyé ẹni tó ń dáná.